Ìdí tí oorun nìkan kò fi lè wo àárẹ̀ iṣẹ́

Ó ti wọ́pọ̀ báyìí. Òṣìṣẹ́ kan á gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, á lọ sílé, á sùn títí ojú rẹ̀ á fi wú. Lọ́jọ́ Ajé tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ara rẹ̀ á yá gágá. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: àyà rẹ̀ ń já bí ọ̀gá bá pè é lórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo bó bá ku díẹ̀ kó dé ibi iṣẹ́, ohun tó máa ń fi wákàtí kan ṣe ti ń gba odidi ọjọ́. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àwọn kan á ní kó lọ wádìí, bóyá ọwọ́ ayé ni. Ìyá rẹ̀ á ní ibà ni, kó lo oògùn. Òun alára á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ṣebí mo ti sinmi, kí ló tún wá kù?"

Ohun tó kù yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jìyà rẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe wọ́n, tí wọ́n sì ń náwó síbi tí kò kàn. Burnout ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àárẹ̀ iṣẹ́ ni màá máa pè é níbí. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni màá ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi, nítorí láàárín àwọn tó ń tọ́jú èèyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, àti nítorí pé ó ṣòro kí ẹbí Yorùbá kan má ní nọ́ọ̀sì, yálà nílé tàbí lókè òkun.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá. Ní ọdún 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní New York, kọ̀wé nípa ohun tó rí láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́, níbi tí òun náà ti máa ń lọ ṣèrànwọ́ lálẹ́ lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn tí ọkàn wọn wà nínú iṣẹ́ náà gan-an ni nǹkan yìí ń mú. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń dọ́gbọ́n sí iṣẹ́, tó ti ń wo agogo láti òwúrọ̀, òun kọ́ ló sábà máa ń bá. Ẹni tí kì í lè sọ pé rárá ni.

Láàárín àkókò kan náà, Christina Maslach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń fi iṣẹ́ wọn ran èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu wò. Ní 1981, òun àti Susan Jackson gbé àkójọ ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn àárẹ̀ yìí, tí àwọn olùwádìí ṣì ń lò káàkiri ayé. Nǹkan mẹ́ta ni àkójọ náà ń wá. Àkọ́kọ́ ni kí okun tán, tó jẹ́ pé èèyàn jí láàárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì ni kí ọkàn kúrò níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó máa ń bi ìyá àgbàlagbà pé, "Mà, ṣé ọmọ yín ti wá lónìí?" wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "bẹ́ẹ̀dì kẹjọ". Ó ń jágbe mọ́ àwọn ẹbí aláìsàn, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sì ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ìkẹta ni kí èèyàn gbà pé gbogbo ohun tí òun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan, kódà nígbà tó ṣì ń ṣe é dáadáa.

Ìkejì yẹn ló ń bani lórúkọ jẹ́ jù. Àwọn tó bá pàdé nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ á ní ìkà ni, pé gbogbo nọ́ọ̀sì bákan náà ni wọ́n rí. Mi ò ní ká gba ìwọ̀sí o. Aláìsàn kì í ṣe ẹni tó yẹ kí wọ́n máa jágbe mọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó bá mọ̀ pé àmì àárẹ̀ ni, yàtọ̀ sí ẹni tó gbà pé òun ti di èèyàn burúkú. Ẹni àkọ́kọ́ á wá ìrànlọ́wọ́. Ẹnì kejì á kàn máa kórìíra ara rẹ̀.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé àárẹ̀ iṣẹ́ nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní 2022. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń wá, nígbà tí wàhálà ibẹ̀ bá pẹ́ tí wọn ò sì bójú tó o, wọ́n sì ní ká má lò ó fún wàhálà tó jẹ́ ti ilé tàbí ti ìgbéyàwó. Àwọn kan gbọ́ pé kì í ṣe àìsàn, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, àsọdùn lásán ni." Òdìkejì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí kì í bá ṣe àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ lára òṣìṣẹ́, a jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Kò sí oògùn tí nọ́ọ̀sì lè gbé mì tó máa tún rósítà, ìwé tí wọ́n fi ń pín dúútì, ṣe.

Síbẹ̀, kí èèyàn tó di gbogbo ẹ̀bi ru iṣẹ́, kó jẹ́ kí dókítà wo òun ná. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, àtọ̀gbẹ, táírọ́ọ̀dì (ẹ̀yà ara kékeré kan lọ́rùn) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo wọn ló lè mú kó máa rẹ èèyàn tọ̀sán-tòru, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fi wọ́n hàn. Ká máa lo oògùn ibà lóṣooṣù láìṣe àyẹ̀wò kò bójú mu.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni èyí tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn jù. Àárẹ̀ iṣẹ́ sábà máa ń dín kù bí èèyàn bá jìnnà sí iṣẹ́: á lọ sóde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á jó, á rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó bá rántí ọjọ́ Ajé. Ìrẹ̀wẹ̀sì a máa bá èèyàn lọ sóde ìgbéyàwó náà. Bí inú ẹnì kan bá bà jẹ́, tàbí tí kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn mọ́, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ rí dókítà. Bó bá ń rò ó pé òun ì bá kúkú kú, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá ní Èkó, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ ni kó lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan sì sìn ín lọ. Mo sọ èyí nítorí pé àárẹ̀ iṣẹ́ àti ìrẹ̀wẹ̀sì lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́dọ̀ tiwa, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí ohun tí wọ́n kà kì í dúró lórí wọn. Ìwé ló ṣe tiwọn, kì í ṣe iṣẹ́ oṣù, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wa náà ṣì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Wọn kì í wọ ilé ìwòsàn kí wọ́n ní ọkàn àwọn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Orí fífọ́ ni wọ́n á kà sílẹ̀, àyà jíjá, ohun kan tó ń rìn lára. Dókítà tí ò béèrè nípa iṣẹ́ á kọ oògùn ara ríro, yóò sì parí síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀. Ó ní ìdí: ìwádìí tí WHO àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé jáde ní 2021 sọ pé ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, bí a bá fi wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni a wá dé ibi tí mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ àpọ̀jù nìkan ló ń fa àárẹ̀ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ìsinmi ló máa tán an. Iṣẹ́ àpọ̀jù ń fà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì méjì lè jọ ṣe dúútì kan náà nínú wọ́ọ̀dù kan náà, kí ọ̀kan lọ sílé kó sùn, kí ìkejì jókòó sínú ọkọ̀ kó máa sunkún. Johannes Siegrist, onímọ̀ kan ní Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1996. Ó ní kí a gbé ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a gbé ohun tó ń gbà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ohun tó ń gbà padà pé mẹ́ta: owó, iyì, àti ìdánilójú pé iṣẹ́ ò ní bọ́, pé ìgbéga ń bọ̀. Bí èyí tó ń fi sílẹ̀ bá ń pọ̀ ju èyí tó ń gbà lọ fún ìgbà pípẹ́, ara á gbọ́, ọkàn á gbọ́. Ó dà bí ẹni tó ń dá àjọ lóṣooṣù láìyẹ̀, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń kó o nígbà gbogbo. Ẹ ní kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá dé, àjọ náà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n ní yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Wọ́n tún ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kejì yẹn ṣe le tó: olè ni wọ́n pe àìmọrírì. A kì í kọjá lára àgbẹ̀ lóko láìkí i kú iṣẹ́, a ò tilẹ̀ ní mọ orúkọ rẹ̀. Àwa yìí kan náà la wá ń kọ́ ilé iṣẹ́ tí èèyàn ti lè ṣe dúútì alẹ́ fún oṣù kan tí ẹnì kan ò ní bi í pé ṣé ó jẹun. Ó ń dùn mí gan-an.

Kí ni ìmọrírì tó ń ṣiṣẹ́? Owó oṣù tó ń wọlé lọ́jọ́ tó yẹ kó wọlé ni àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò lópin ọdún, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ náà á gbé e délé, kò ní mọ ibi tó máa gbé e kọ́. Ó burú ju kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan lọ, torí ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ó ṣe dáadáa, wọ́n kàn yàn láti má san án ni. Bákan náà ni ọ̀gá tó ń sọ pé "ẹbí kan náà ni gbogbo wa níbí". Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí ọmọ òṣìṣẹ́ bá ń ṣàìsàn, ẹ ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́yìn owó, ọ̀rọ̀ tó bá ojú iṣẹ́ gan-an mu ló ń wọni lára. "Ẹ ṣeun gbogbo yín" tí wọ́n fi sórí WhatsApp kì í dúró lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé èyí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ tètè rí i lóru àná pé ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn ń ru. Ká ní ẹ ò tètè pe dókítà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́." Ẹni tó sọ èyí wo iṣẹ́ náà kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni òṣìṣẹ́ ń wá, pé kí ẹnì kan wò ó. Àti pé kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó ṣe rósítà, kí wọ́n má fi orúkọ rẹ̀ sí dúútì ọjọ́ tó ti ní ọmọ òun ń ṣe ìsàmì. Kó má jẹ́ pé wọ́n ń bo àṣìṣe ọmọ ọ̀gá mọ́lẹ̀, nígbà tí tiẹ̀ ń di ìwé ìkìlọ̀. Maslach àti Michael Leiter to irú nǹkan wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́fà: bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí bó ṣe ń ṣe é, èrè, àjọṣe pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àìṣègbè, àti bóyá ohun tí wọ́n ní kó ṣe bá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ mu. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ẹ lè fi wá ibi tó ń dùn yín. Ẹni tó jẹ́ pé ojúsàájú ló ń pa á, bí ẹ bá dín wákàtí rẹ̀ kù, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́.

Àwọn tó lọ sókè òkun náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nílé, àwọn nọ́ọ̀sì tó kù lẹ́yìn àwọn tó já pa ń ṣe iṣẹ́ tiwọn àti ti ẹni tó lọ. Ní Ìlú Ọba, owó oṣù ń wọlé lásìkò, ṣùgbọ́n físà iṣẹ́ ìlera tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020 so òṣìṣẹ́ mọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíràn tó máa gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó palẹ̀ mọ́. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn kì í lè sọ pé dúútì ti pọ̀ jù. Ilé sì ń retí owó. Ìbẹ̀rù yẹn ń jẹ èèyàn lókun ju iṣẹ́ alẹ́ lọ, àwọn ará ilé kì í sì í mọ̀, torí fọ́tò tó dára ni wọ́n ń rí.

Báwo lèèyàn ṣe wá ń bọ́ nínú rẹ̀? Oorun ló ṣáájú lóòótọ́, torí ẹni tí kò sùn kò lè ronú dáadáa nípa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Sabine Sonnentag, onímọ̀ kan ní Jámánì tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí nípa ìsinmi, fi hàn pé ohun tó ń dá okun padà ju kí ara dùbúlẹ̀ lọ: ọkàn gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń ka ohun tí ọ̀gá fi sórí WhatsApp ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pa ohùn WhatsApp iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn dúútì. Bó bá jẹ́ pé pàjáwìrì ni, wọ́n á pè yín. Sonnentag tún ní ohun tó ń múni jáfáfá níbòmíràn ń ṣèrànwọ́, bíi kí èèyàn máa kọ́ ohun tuntun. Ẹni tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó ń dá ewébẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ẹni tó ń kọ́ aṣọ rírán, irú wọn ń rántí pé ọwọ́ àwọn ṣì mọ nǹkan ṣe.

Lẹ́yìn náà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà níbi iṣẹ́, ó kéré tán ẹyọ kan. Ẹ mú èyí tó ń dùn yín jù nínú mẹ́fà yẹn, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ó ṣòro lọ́dọ̀ wa láti ko ọ̀gá lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Láti oṣù méjì báyìí, dúútì alẹ́ ló ń kàn mí ṣáá. Mo ti ń ṣe àṣìṣe kéékèèké tí mi ò kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí àwọn aláìsàn wa. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi fi ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ sí dúútì òwúrọ̀." Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ ewu tó wà níbẹ̀, ó sì béèrè ohun kan pàtó. Mátírọ́ọ̀nù tí ẹ bá kàn sọ fún pé "ó ti sú mi" kò mọ ohun tó máa ṣe fún yín.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní odidi ọjọ́ kan ìsinmi nínú ọjọ́ méje, pé lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìsinmi ọdọọdún tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó, àti pé bí dókítà bá kọ̀wé pé ara rẹ̀ kò yá, ó lè gba owó fún tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin náà dìídì wà fún. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báńkì ní láti wo ìwé ìgbàsíṣẹ́ wọn àti ìlànà ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọjọ́ ìsinmi tí wọn ò tíì lò rí.

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Owó ilé ìwé ọmọ kì í gbọ́ àlàyé. Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò sì sí ohun tó yí padà, ẹ máa wá ibòmíràn ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ wà. Nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ máa sọ fún ara yín ní kedere ohun tí ẹ rí pé ẹnì kejì ṣe dáadáa. Kò lè rọ́pò owó oṣù, ṣùgbọ́n iyì tí ọ̀gá kò fúnni, akẹgbẹ́ lè fúnni díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má sì retí kó tètè lọ. Ohun tó fi ọdún méjì kóra jọ kì í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ọjọ́ tó dára á wà, ọjọ́ tí kò dára á wà. Àsìkò tó léwu jù ni ìgbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá, torí ìgbà yẹn ni ẹni tí kì í lè sọ pé rárá máa ń gba dúútì kún dúútì láti fi hàn pé òun ti padà. Ẹ yan ẹnì kan nílé, ọkọ, aya tàbí ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sọ àmì tiyín fún un ṣáájú: "Bí ẹ bá rí i pé mo ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, tàbí pé mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Kí ẹni náà sì mọ̀ pé ẹ fún òun láyè láti sọ ọ́.